Ilé kì í wálẹ̀, àbí? Àṣìṣe tí ẹ̀yin tó ń fi ilé ṣòwò ní Àkúrẹ́ ń ṣe lórí gbèsè ìjọba àti èlé báńkì

Sátidé tó kọjá ni ọmọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọ̀dà Road pẹ̀lú àwòrán ilé nínú fóònù rẹ̀. Ó fẹ́ àpò sìmẹ́ńtì 300 lójú ẹsẹ̀, ó sì fẹ́ kí n bá òun pe ẹni tó máa gbé irin wá. Mo ní, "Ọmọ mi, owó ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ̀mí, báńkì ti fọwọ́ sí i." Mo bi í pé èlé mélòó. Ó wòkè, ó wolẹ̀, ó ní, "Wọ́n ní bíi 31 pásẹ́ǹtì ni o, ṣùgbọ́n, Mọ̀mí, ilé kì í wálẹ̀."

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ta ló ń lé oníbàárà? Ṣùgbọ́n ó ti sú mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ta sìmẹ́ńtì, ó sì ti tó ọdún mẹ́tàlá tí mo ti ń bá àwọn ará òkè òkun bójú tó ilé tí wọ́n kọ́ sílé. Mo ti rí owó tó kú lójú mi. Gbogbo ẹni tó bá ti pàdánù, ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n máa ń bú, tàbí kí wọ́n ní bíríkìlà ló jí sìmẹ́ńtì. Lóòótọ́, bíríkìlà máa ń jí sìmẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n owó tí gbèsè ìjọba àti èlé báńkì ti gbé lọ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà mi, ogún bíríkìlà ò lè jí i tán.

Mi ò ní í kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń yẹ ìwé ilẹ̀ wò, tàbí bí wọ́n ṣe ń mọ olórí ẹbí gidi. Ẹni tí kò bá tíì mọ ìyẹn, kó má tíì kówó jáde.

1. Ẹ rò pé gbèsè ìjọba ò kàn yín

Tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ bọ́jẹ́ẹ̀tì lórí rédíò, ẹ ó ti yí i sí ibi tí wọ́n ti ń sọ bọ́ọ̀lù. Ó dáa. Bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba àpapọ̀ fún ọdún 2023 jẹ́ tírílíọ̀nù 21.83 náírà. Nínú rẹ̀, tírílíọ̀nù 11.34 ni kò ní owó tó ń wọlé tó lè gbé e. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, yíyá ni wọ́n fẹ́ yá a. Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sílé: ẹnì kan ń gba 100,000 lóṣù, ó sì jókòó, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fẹ́ ná 208,000. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá tọrọ ọmọ yín, ṣé ẹ ó fún un? Lọ́dún 2024, bọ́jẹ́ẹ̀tì di tírílíọ̀nù 28.77, àlàfo inú rẹ̀ sì jẹ́ 9.18.

Ibo ni ìjọba ti ń rí owó dí àlàfo náà? Ọwọ́ wa ló ti ń yá a, nípa treasury bill àti bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé gbèsè tí ìjọba ń tà. Tí ìyẹn ò bá tó, ó máa ń lọ bá CBN fúnra rẹ̀, ìyẹn báńkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè wa, èyí tí wọ́n ń pè ní Ways and Means. Òfin tó gbé CBN kalẹ̀ ti fi òdiwọ̀n sí i, pé kò gbọdọ̀ ju 5 pásẹ́ǹtì owó tó wọlé fún ìjọba lọ́dún tó ṣáájú. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún 2023, ohun tó ti wà nílẹ̀ jẹ́ tírílíọ̀nù 22.7, ó ju gbogbo bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún yẹn lọ, àwọn aṣòfin ní Àbújá sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n sọ ọ́ di gbèsè ọlọ́jọ́ gígùn. Owó pọ̀ sí i nígboro, iṣu ò pọ̀ sí i. Ọjà gbówó lórí. CBN tún wá gbé èlé sókè kó lè fa owó padà kúrò nígboro.

Ṣé ẹ ti lọ ra iṣu rí ní Ọjà Ọba lọ́jọ́ tí ẹni tó gba iṣẹ́ oúnjẹ ìnáwó ńlá bá ti débẹ̀ ṣáájú yín? Kò bá yín jà, kò bú yín. Ó kàn gba ìwọ̀nba iṣu tó dáa ní iyekíye tí wọ́n bá pè, èyí tó kù sì di ọ̀wọ́n fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gúnyán ọmọ mẹ́rin. Ìjọba ni olóúnjẹ ìnáwó yẹn nínú ọjà owó. Ní oṣù kejì 2024, treasury bill ọlọ́dún kan wọ 19 pásẹ́ǹtì. Ẹ wá fi ara yín sípò ọ̀gá báńkì. Ìjọba ní òun máa fún yín ní 19, kò sì ní í sá lọ. Ẹ̀yin náà dé pẹ̀lú ilé tí ẹ kọ́ dé lẹ́ńtù, ìyẹn òkè fèrèsé, ní Ìdànrè Road àti rìsíìtì ẹbí tó ta ilẹ̀ fún yín. Èlé mélòó ló máa gbà lọ́wọ́ yín? Kí ẹ sì rántí pé lóṣù kejì yẹn kan náà ni CBN sọ fún àwọn báńkì pé nínú ọgọ́rùn-ún náírà tí oníbàárà bá kó wá, kí wọ́n kó 45 sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Ní oṣù kẹsàn-án ó di 50. Ìdajì tó kù ni gbogbo wa jà lé lórí nígbà náà.

2. Ẹ ń fi èlé alágẹmọ kọ́lé

Èyí ló ń dùn mí jù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Èlé alágẹmọ ni mo ń pè é. Ìlà kan ni nínú ìwé àdéhùn báńkì, ó máa ń wà ní ojú ìwé kẹrin tàbí ìkarùn-ún, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin iná. Ohun tó ń sọ ni pé èlé yìí lè yí padà bí ọjà owó bá ṣe rí. Ìlà kan péré. Gbogbo ohun tó kù nínú ìwé náà, ìlà yẹn lè gbé e mì.

Báwo ni mo ṣe mọ̀ ọ́n? Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́ ni. Ní oṣù kẹrin 2022, èmi tí mò ń báyìí pariwo, mo yá mílíọ̀nù mẹ́jọ láti fi parí yàrá self-con mẹ́wàá lẹ́bàá South Gate FUTA, yunifásítì tó wà níbí. Èlé rẹ̀ jẹ́ 18 pásẹ́ǹtì. Mo ṣe ìṣirò mi lẹ́yìn ìwé ìpè ìgbéyàwó kan tó wà lórí tábìlì: yàrá mẹ́wàá, 150,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ lọ́dún. Èlé mílíọ̀nù mẹ́jọ ní 18 pásẹ́ǹtì jẹ́ 1,440,000. Èrè 60,000 kù fún mi. Mo fi bírò pupa fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Mi ò ka ojú owó. Èlé nìkan ni mo kà, bíi pé báńkì bùn mi ní mílíọ̀nù mẹ́jọ ni, kí n kàn máa san owó ìdúpẹ́. Mi ò ka ọ̀dà tí wọ́n máa tún kùn, mi ò ka ẹ̀rọ omi tó ń jó, mi ò ka yàrá tí kò ní ẹni. Mo tún gbàgbé ohun kan tí gbogbo ìlú mọ̀: láti ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún yẹn ni àwọn olùkọ́ yunifásítì káàkiri orílẹ̀-èdè ti yan iṣẹ́ lódì. Ìkìlọ̀ oṣù kan ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Mo ní eégún wo ni kò ní í wọgbó? Oṣù mẹ́jọ ni eégún náà fi jó. Oṣù kẹwàá ni wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Kí ló fa ìjà wọn? Owó tí ìjọba ní òun ò ní. Ẹ ò rí i pé ibì kan náà la tún padà sí? Àlàfo kan náà tó ń gbé èlé mi sókè ló lé àwọn ayálégbé mi padà sílé ìyá wọn.

Yàrá mẹ́wàá, ewúrẹ́ aládùúgbò ló ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn.

Lẹ́tà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ní oṣù karùn-ún 2022, ìyẹn oṣù kan lẹ́yìn tí mo fọwọ́ sí ìwé, CBN gbé èlé tirẹ̀, èyí tí àwọn báńkì ń wò kí wọ́n tó pe tiwọn, láti 11.5 sí 13. Kí ọdún tó parí ó ti dé 16.5. Ní 2023, ó ń fi díẹ̀díẹ̀ gùn ún títí dé 18.75. Ní oṣù kejì 2024, ó fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí 22.75. Kí ọdún náà tó tán, ó ti di 27.5. Ní gbogbo ìgbà tó bá ti gùn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan á gbé ọ̀kadà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú apoòwé funfun. "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ bá mi fọwọ́ sí i pé ẹ gbà á." Tèmi kúrò ní 18, ó di 21, ó di 24. Nígbà tó fi wọ 33, ojú owó tó kù lọ́rùn mi jẹ́ mílíọ̀nù márùn-ún àti ààbọ̀, èlé ọdún kan rẹ̀ nìkan sì ti di 1,815,000. Ẹ wò ó dáadáa: gbèsè mi ti dín kù, èlé mi sì ju ti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ yá a lọ. Nígbà tó yá, tí mo bá ti gbọ́ ìró ọ̀kadà, inú mi á dà rú.

Mo ta ọkọ̀ mi kí n tó bọ́. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi gbé ọ̀kadà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú gèlè. Tí ẹ bá ti gbé ọ̀kadà pẹ̀lú gèlè rí lójú Òyémẹ̀kún Road, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ wá ìlà yẹn. Ẹ bi òṣìṣẹ́ báńkì pé: bí CBN bá gbé èlé sókè lọ́la, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí tèmi? Tó bá rẹ́rìn-ín, ẹ máa lọ sílé. Ẹ bi í pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa fi ṣèkìlọ̀. Ẹ bi í ní iye tí wọ́n máa yọ níwájú kí owó tó dé ọwọ́ yín, nítorí owó ìwé, owó ìṣàkóso àti owó adójútòfò, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa yọ kí ẹ tó rí ohun tó kù, orí odindi owó náà ni ẹ ó sì ti máa san èlé. Kí ẹ wá ṣe ìṣirò yín lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan ní èlé tí wọ́n pè, lẹ́ẹ̀kan sí i bí ó bá fi pásẹ́ǹtì mẹ́wàá lé sí i. Tí èkejì bá pa yín, ẹ̀kíní náà ò gbà yín.

Ohun tó wá ń bí mi nínú jù ni pé lẹ́tà yẹn kì í mọ̀nà àbọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, CBN sọ èlé rẹ̀ kalẹ̀ láti 27.5 sí 27. Lọ́sẹ̀ yẹn, ejẹ́ǹtì mẹ́rin ló pè mí pé "Èlé ti já o, Mọ̀mí, ẹ jẹ́ ká kó ilẹ̀." Ààbọ̀ pásẹ́ǹtì! Ọ̀rẹ́ mi kan tó ṣì ń san tirẹ̀ ní òun ń retí ọlọ́kadà. Ó ṣì ń retí rẹ̀.

3. Ẹ ń fi owó tí ẹ yá lórí àpù fóònù san owó ilẹ̀

Ẹ má ṣe é. Mi ò ní àlàyé.

4. Náírà lẹ fi ń ka èrè

Dádì kan wà ní ọ̀nà Alágbàká, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, èèyàn jẹ́jẹ́. Ní 2015 ó ra pulọ́ọ̀tì kan ní Ọ̀bà-Ilé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Ní 2024 ó tà á ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Ó ra máàtì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní kí n bá òun yọ̀, òun jèrè mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀.

Mo ní, "Dádì, ẹ kú oríire. Ẹ jẹ́ ká fi àpò kà á." Ní 2015 tí wọ́n ra ilẹ̀ yẹn, 1,700 ni mò ń ta àpò sìmẹ́ńtì kan. Mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ wọn ìgbà náà jẹ́ àpò 882. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé máàtì wá, 8,000 ni. Mílíọ̀nù mẹ́rin wọn jẹ́ àpò 500. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi dúró, àpò 382 ló sì sọnù lójú ọ̀nà, láìka owó ejẹ́ǹtì, láìka owó àwọn tó ń roko rẹ̀ lọ́dọọdún.

Dádì gbé máàtì náà sílẹ̀. Mo kábàámọ̀ pé mo sọ ọ́, ká sọ òótọ́. Mo bá wọn mu tèmi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Dádì ni èyí tó ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wa nígbà tí ìjọba bá ń fi owó tí kò ní dí àlàfo. Náírà ló ń jábọ́, ẹ̀yin rò pé ilẹ̀ ló ń gòkè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní owó tí ìjọba ń kà. Kí oṣù kejì 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Wáyà, táìsì, kọ́kọ́rọ́, èròjà inú ọ̀dà, gbogbo wọn ló mọ ọ̀nà òkè òkun, wọ́n sì bá dọ́là gun òkè. Ilẹ̀ tí ẹ rà kò mọ̀nà ibì kankan, ibi tó wà náà ló wà.

Mi ò sọ pé ilẹ̀ kì í lérè. Èyí tí mo rà lọ́nà Ìlárá ní 2016, bí mo bá fi àpò kà á, ó lé díẹ̀. Díẹ̀ ni mo sọ. Ẹ sáà ti wá ohun kan tí ẹ ó máa fi wọ̀n ọ́n, ìbáà ṣe sìmẹ́ńtì, ìbáà ṣe dọ́là, ìbáà ṣe kọ́ńgò gàrí. Kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi òǹkà orí rédíò tàn yín. Ní oṣù kejìlá 2024 wọ́n ní ọ̀wọ́n ọjà jẹ́ 34.80 pásẹ́ǹtì. Ní oṣù kìíní 2025 wọ́n ní 24.48. Oníbàárà mi kan sáré wá, ó ní ọjà ti rọ̀, kí n dín owó irin kù. Ọjà kankan ò rọ̀. Wọ́n yí ọdún tí wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀ òǹkà náà padà ni, wọ́n sì tún àwọn ọjà tí wọ́n ń kà tò.

5. Ẹ ń ra ilẹ̀ sí ojú bọ́jẹ́ẹ̀tì

"Mọ̀mí, ìjọba ń bọ̀ níbẹ̀ o. Ọ̀nà onílà méjì ń gbabẹ̀ kọjá, ó ti wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì." Gbólóhùn yìí ti tà ilẹ̀ ju gbogbo ejẹ́ǹtì Àkúrẹ́ lọ.

Bọ́jẹ́ẹ̀tì, ohun tí ìjọba fẹ́ ṣe ni. Èmi náà fẹ́ ra ọkọ̀ tuntun. Nígbà tí àlàfo bá wà, owó oṣù àti èlé gbèsè ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Ọ̀nà, afárá àti ọjà ìgbàlódé ló máa ń dúró. Mo ní ilẹ̀ ìdajì pulọ́ọ̀tì kan lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Wọ́n kan èèkàn rẹ̀ pẹ̀lú àsíá pupa nígbà tí àbíkẹ́yìn mi wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ti parí yunifásítì báyìí. Àsíá náà ti já. Ẹ̀gẹ́ la gbìn síbẹ̀, ó sì ṣe dáadáa.

Ẹ dúró kí katapílà tí ń tú ilẹ̀ dé. Kí ẹ tún dúró kó tó oṣù mẹ́ta tó ti ń ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ yẹn á ti gbówó lórí díẹ̀ sí i nígbà náà, ẹ san án.

Èyí tó kàn, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀kẹfà ni tàbí ẹ̀keje, nítorí mo ti fi èyí tó kan àwọn ọmọ onílẹ̀ sílẹ̀, ni pé gbogbo ayálégbé yín ń jẹun láti inú ìkòkò kan ṣoṣo. Àkúrẹ́ kì í ṣe Èkó. Láti ọdún 1976 tí wọ́n ti fi í ṣe olú ìlú ìpínlẹ̀, owó oṣù ìjọba ló ń gbé ọ̀pọ̀ nǹkan ró níbí. Tí owó oṣù bá wọlé lónìí, lọ́la ni ẹran á wọ́n ní Ìsìnkàn. Tí kò bá wọlé, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára ẹnu ọ̀nà ilé yín. Ní 2015 sí 2016 tí owó epo rọ̀bì já lulẹ̀ lágbàáyé, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni kò rí owó oṣù san fún oṣù púpọ̀. Mò ń bójú tó ilé onífúláàtì mẹ́fà kan nígbà náà, tíṣà mẹ́rin, nọ́ọ̀sì kan, òṣìṣẹ́ sẹkitéríàtì kan. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló jẹ owó ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Èèyàn gidi ni wọ́n. Ta ni mo fẹ́ lé? Tí mo bá lé tíṣà, tíṣà mìíràn ló máa wá. Látìgbà náà, tí ilé bá ti tó fúláàtì mẹ́rin, mo máa ń rí i pé ó kéré tán ẹnì kan jẹ́ oníṣòwò, ẹnì kan jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́. Télọ̀ kan wà nínú ilé kan ní Òkè Àró tí kò pẹ́ san owó rí, ó sì máa ń bá mi gé ṣòkòtò ọmọ mi kù.

Àwọn lánlọ́ọ̀dù kan sì wà tí wọ́n fi owó lé owó ilé nígbà tí wọ́n kéde owó oṣù tó kéré jù lọ tuntun, 70,000, ní oṣù keje 2024. Ìkéde lásán o! Owó náà ò tíì wọ àpò ẹnikẹ́ni. Ayálégbé wọn kó jáde, ilé ṣófo fún oṣù márùn-ún, wọ́n sì padà wá ń gbà á ní iye àtijọ́.

Ẹ tún máa ń gbàgbé NHF, àpò owó ilé gbígbé tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ti ń yọ 2.5 pásẹ́ǹtì nínú owó oṣù rẹ̀ fún owó ilé gbígbé, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè owó lọ́dọ̀ báńkì ìjọba àpapọ̀ tó wà fún ilé, FMBN, ní èlé 6 pásẹ́ǹtì, ó sì lè fi tó ọgbọ̀n ọdún san án. Mẹ́fà! Mo mọ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti san owó yìí fún ọdún mẹ́rìndínlógún tó tún lọ yá owó 30 pásẹ́ǹtì. Wọ́n á ní wàhálà ìwé rẹ̀ pọ̀ jù. Ó pọ̀ lóòótọ́, rìsíìtì ẹbí kò sì tó fún wọn, ìwé ilẹ̀ gidi ni wọ́n ń béèrè. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ 6 sí 30, ó yẹ kí èèyàn lè fara da ìlà tító díẹ̀ nítorí rẹ̀. Ilé tí èèyàn fẹ́ gbé fúnra rẹ̀ ni o, ẹ má gbé e lọ kọ́ ilé àwọn ọmọ iléèwé.

Owó orí náà wà níbẹ̀. Ìjọba tó bá ní àlàfo, ó máa ń wá owó kiri, ilé kì í sì í sá. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2026 ṣe ojúure fún ayálégbé: wọ́n á yọ 20 pásẹ́ǹtì owó ilé tó san kúrò nínú iye tí wọ́n fi ń ṣírò owó orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n máa yọ kò gbọdọ̀ ju 500,000 lọ. Ó dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ayálégbé gbọ́dọ̀ kọ iye tó san sílẹ̀. Ẹni tó bá sì ti kọ iye tó san, ó ti bá lánlọ́ọ̀dù kọ iye tó gbà. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jáwèé rìsíìtì, ẹ kú ìmúrasílẹ̀.

Ẹni tó sáré ta ilé kó lè fi gbogbo owó ra treasury bill náà ṣìṣe. Ọ̀gbẹ́ni kan ṣe é ní 2024, ó ní òun ń jẹ 20 àti díẹ̀, òun ò fẹ́ gbọ́ wàhálà ayálégbé mọ́. Ọ̀wọ́n ọjà ọdún yẹn kọjá 30. Ó fi àpò kà á fún ara rẹ̀, kò wá bá mi mu máàtì.

Èmi tèmi? Bí owó bá ṣe ń wọlé ni mò ń kọ́ tèmi báyìí. Ìpìlẹ̀ lọ́dún yìí, ìgànná lọ́dún tó ń bọ̀. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n kò sí ọlọ́kadà tó ń gbé lẹ́tà wá. Kìkì pé kí ẹ má ṣe bíi ti Dádì mìíràn kan tó fi gbogbo owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró sí lẹ́ńtù, tí igi ti hù nínú pálọ̀ èkejì. Ilé kan tó ní òrùlé ń mówó wá. Ilé mẹ́rin tí kò ní òrùlé, alángbá nìkan ló ń gbébẹ̀, kì í sì í san nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin Sátidé. Mo sọ gbogbo èyí fún un, kò sì bínú. Ó fetí sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan, ó sì ń yí ìdí padà lórí ìjókòó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Nígbà tó yá, ó ní kí n fún òun ní àpò ogójì, òun máa fi ṣe ìpìlẹ̀ ilé oníyàrá méjì, òun máa padà lọ bá báńkì sọ̀rọ̀ nípa ìlà yẹn. Ó dìde, ó nu ṣòkòtò rẹ̀, ó ní, "Mọ̀mí, ẹ má bínú, kí ni wọ́n fi ṣe ìjókòó yín tó le báyìí?"

Mo ní sìmẹ́ńtì ni. Ní oṣù kejì 2024 tí owó sìmẹ́ńtì ń fò lójoojúmọ́, tí gbogbo èèyàn ń sáré sọ náírà di búlọ́ọ̀kù, èmi tí mo gbọ́n jù wọ́n lọ ra àpò 600 ní 11,500, mo ní kó tó di ìparí oṣù á ti wọ 15,000. Kò pẹ́ rárá, àwọn tó ń ṣe sìmẹ́ńtì jókòó pẹ̀lú ìjọba àpapọ̀, wọ́n fẹnu kò sí 7,000 sí 8,000. Mo ta ohun tí mo lè tà. Òjò oṣù kẹfà wọlé bá àpò méjìdínláàádọ́ta tó kù, ó sì sọ wọ́n di òkúta. Mo tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà, mo tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé wọn lórí.

Ó tún jókòó padà. Ó ní ẹ̀rín ti ń pa òun.